Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Joan of Arc bú àwọn ọmọbìnrin tó wọ ṣòkòtò, ẹ wá gbọ́

Oṣù Karùn-ún ti dé, àwòrán Joan of Arc ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lórí fóònù wa. Ọjọ́ 30 oṣù yìí ni àjọ̀dún ẹ̀ nínú Ìjọ Àgùdà, torí náà ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni fídíò kan tó ń tàn kálẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti ń sọ pé Joan ni àpẹẹrẹ ọmọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, pé kí àwa tá à ń wọ ṣòkòtò kiri ìgboro Èkó lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ẹ̀. Àwọn èèyàn sì ń ṣe àmín sábẹ́ ẹ̀ bíi pé ìsọjí ni.

Ẹ fa àga, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Kẹ́nikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi: Àgùdà ni mí. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi, Creek Road ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Mi ò wá sọ̀rọ̀ Ìjọ láti ìta. Inú ilé ni mo wà tí mo fi ń sọ ọ́.

Ṣòkòtò wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ sun Joan níná. Mi ò pa òwe o. Ṣòkòtò gidi, èyí tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ ẹ̀wù lókè. Ẹni tí ẹ ń lò láti fi dẹ́rù ba onísòkòtò, onísòkòtò ni òun fúnra ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ "ó ń gbọ́ràn" yẹn wò ná.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Joan, ní abúlé Domrémy nílẹ̀ Faransé. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1412. Kò mọ̀wé kà. Ogun tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ẹ̀ pàápàá. Nígbà tó pé bí ọmọ ọdún 13, ó ní òun ń gbọ́ ohùn àwọn ẹni mímọ́: Máíkẹ́lì, Katarína, àti Margaret. Nígbà tó yá, ohùn náà ní kó lọ bá Charles, ọmọ ọba tí wọn ò tíì dé ládé, kó gba ìlú Orléans sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, kó sì mú un lọ gba adé ní Reims.

Bàbá ẹ̀ lá àlá pé ọmọ òun bá àwọn ọmọ ogun lọ. Ó sọ fún àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ pé tó bá máa rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n rì í sómi, tí wọn ò bá rì í, òun á fọwọ́ ara òun rì í. Joan mọ̀ pé bàbá òun sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ. Kò dágbére.

Ọkùnrin kan pè é lẹ́jọ́ ní ìlú Toul, ó ní Joan ti ṣèlérí pé òun máa fẹ́ òun. Ọmọ náà lọ síwájú adájọ́, ó ní òun ò ṣèlérí kankan fún un. Ó jàre.

Ó lọ bá ọ̀gágun tó wà ní Vaucouleurs, pé kó fún òun ní àwọn tó máa sin òun lọ sọ́dọ̀ Charles. Ọ̀gágun náà sọ fún ìbátan ẹ̀ tó mú un wá pé kó gbá a létí dáadáa, kó dá a padà fún bàbá ẹ̀. Ó padà sílé. Lẹ́yìn náà ló tún gbéra, ó tún lọ bá ọ̀gágun yẹn kan náà, ó ń yọ ọ́ lẹ́nu títí tí ìyẹn fi gbà.

Bọ̀ọ̀da onífídíò, ìgbọràn wo lẹ rí níbí? Ta ló gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta yìí? Ọlọ́run ló ní òun ń gbọ́ràn sí. Ìyẹn ló mú kí gbogbo àwọn tó kù máa bínú.

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọdún 1429 ló rí Charles ní Chinon. Wọ́n ní kí àwọn àlùfáà àti onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn yẹ̀ ẹ́ wò ní Poitiers, wọn ò rí ibi kankan lára ẹ̀. (Ẹ fi èyí sọ́kàn: ṣòkòtò ti wà nídìí ẹ̀ nígbà yẹn. Fadá wò ó tẹ̀hìn-tọ̀hún, wọ́n ní kó máa lọ.) Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1428 ni Gẹ̀ẹ́sì ti sàga ti Orléans. Joan wọ ìlú náà lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, àwọn ọ̀tá ti kó ẹrù wọn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọfà wọ̀ ọ́ láàárín ọrùn àti èjìká, ó tún padà sójú ìjà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ 17 oṣù Keje, wọ́n dé Charles ládé ní Reims, Joan dúró nítòsí pẹ̀lú àsíá ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tàbí méjìdínlógún ni gbogbo èyí. Ní kóòtù, ó ní òun ò pa ẹnikẹ́ni rí, pé àsíá yẹn lòun fẹ́ràn ju idà lọ ní ìlọ́po ogójì.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1430, wọ́n mú un ní Compiègne. Àwọn ará Burgundy tó mú un tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní 10,000 livres.

Ọba tó dé ládé ńkọ́? Kò rà á padà. Ọmọ tó gbé adé lé e lórí, kò rà á padà. Mo máa ń ronú sí èyí ju iná lọ, kí n má parọ́. Torí mo mọ irú ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìdìbò dé, àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ló máa jó, tí wọ́n á pín ìwé, tí wọ́n á dúró sóòrùn látàárọ̀. Ìdìbò tán, ẹ lọ wo ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ló ṣe adájọ́ ẹ̀, Pierre Cauchon ti Beauvais, ẹni tí owó àti ojúure ẹ̀ wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì Paris wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlùfáà àti ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, ọmọbìnrin kan tí ò mọ̀wé dúró níwájú wọn láìní lọ́yà. Wọ́n bi í bóyá ó wà nínú oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Pàkúté ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní ó gbéra ga, torí Ìjọ ń kọ́ni pé kò sẹ́ni tó lè fi dájú. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Ó dá wọn lóhùn pé tí òun ò bá sí níbẹ̀, kí Ọlọ́run fi òun síbẹ̀, tí òun bá sì wà níbẹ̀, kí Ọlọ́run pa òun mọ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà níjókòó, ẹnu yà wọ́n.

Wọ́n wá dé orí aṣọ. Òfin inú Diutarónómì 22:5 ni wọ́n gùn lé, pé obìnrin ò gbọdọ̀ wọ ohun tí í ṣe ti ọkùnrin. Ẹ dákun, ẹ ò mọ ẹsẹ yẹn? Èyí tí wọ́n kọ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan ní AJ City yìí. Èyí tí bọ̀ọ̀da wa kà nínú fídíò ẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n fi mú Joan ló gbé dání, tó ń fi gbèjà Joan. Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi.

Thomas Aquinas, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn olùkọ́ Ìjọ Àgùdà, ti kú ní 1274. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí Joan pé obìnrin lè wọ aṣọ ọkùnrin láìdẹ́ṣẹ̀ tó bá di dandan, bíi kó fi sá pamọ́ fún ọ̀tá, tàbí tí kò bá sí aṣọ mìíràn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Paris mọ ìwé yẹn dáadáa. Wọ́n kàn fẹ́ kó jẹ̀bi ni.

Kí ló dé tó fi ń wọ̀ ọ́? Ẹṣin ló ń gùn, àárín ọmọ ogun ló ń sùn. Nígbà tí wọ́n wá mú un, ẹ̀wọ̀n ọmọ ogun ni wọ́n fi í sí, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀wọ̀n Ìjọ, níbi tí obìnrin máa wà pẹ̀lú òun. Wọ́n kọ̀. Okùn tó so ṣòkòtò yẹn mọ́ ẹ̀wù, ẹni tó bá fẹ́ fipá bá a lò pọ̀ á kọ́kọ́ tú u ná. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ ni titìpa ilẹ̀kùn ẹ̀.

Lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1431, wọ́n fi iná dẹ́rù bà á ní itẹ́ òkú Saint-Ouen, ó fọwọ́ sí ìwé pé òun yí ọ̀rọ̀ òun padà, wọ́n fún un ní aṣọ obìnrin. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n bá a nínú ṣòkòtò. Ó ní òun rí i pé ó tọ́ kí òun wọ̀ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun wà láàárín ọkùnrin, pé wọn ò sì mú ìlérí tí wọ́n ṣe fún òun ṣẹ: wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí Máàsì, wọn ò tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó tún ní àwọn ohùn òun ti bá òun wí. Bí wọ́n ṣe ní ó ti padà sídìí ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ 30, wọ́n sun ún ní ọjà Rouen. Ọmọ bí ọdún 19.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Creek Road, ẹ mọ bó ṣe ń rí tílẹ̀ bá ṣú. Kí ètò pípe tírélà lórí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ògiri tírélà ni ọ̀nà yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lónìí náà, àwọn ọjọ́ kan wà tẹ́ ẹ máa dúró lójú títì tí ẹ ò ní rí òdìkejì. Ọmọbìnrin tó ṣíwọ́ iṣẹ́ alẹ́ ní Àpápá, tó fẹ́ dé Boundary, àárín tírélà ló máa gbà. Ó máa gba orí òróró tó dà sílẹ̀, ó máa gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó jókòó sábẹ́ tírélà. Èmi ò mọ ẹnì kan nínú wa tó ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tí ò wọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀. Ṣòkòtò jíǹsì, bẹ́líìtì tó le, bàtà tó ṣeé sáré. Okùn tiwa nìyẹn. A kì í wọ̀ ọ́ láti fi jọ ọkùnrin. Kí la fẹ́ fi jíjọ ọkùnrin ṣe?

Ọmọ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ọmọ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àárọ̀ Sunday kan, ó sọ̀kalẹ̀ nínú kèké tààrà láti ibi iṣẹ́, ó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí ṣòkòtò. Ó ní kí wọ́n yá òun ní ìró, wọ́n ní kó lọ sílé lọ múra bí ọmọ èèyàn. Ó lọ. Títí dòní kò padà wá. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Joan sọ: wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí Máàsì. Ẹjọ́ kan náà ni, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ló kàn wà láàárín ẹ̀.

Mo ti rí àwọn tó ń tẹ èsì bọ̀: "Ṣé kí obìnrin máa wọ ohun tó bá wù ú wá sílé Ọlọ́run nìyẹn?" Ẹ ní sùúrù. Ní 2019, ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ebonyi, wọ́n lé ọmọbìnrin méjì jáde torí wọ́n kọ̀ láti wọ ṣòkòtò. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ àwọn ò gbà á, síkẹ́ẹ̀tì làwọn fẹ́. Nígbà yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń pariwo ẹ̀tọ́ obìnrin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ayélujára. Èmi ò bá wọn ṣe é, mi ò sì ní ṣe é lónìí. Àwọn ọmọ méjì yẹn sún mọ́ Joan ju ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ọ̀kan kọ̀ láti bọ́ ṣòkòtò, àwọn méjì kọ̀ láti wọ̀ ọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀rí ọkàn àwọn làwọn ń tẹ̀ lé, wọ́n sì jìyà ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé ta ló ní àṣẹ lórí ara ọmọbìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbèjà àwọn ọmọ Ebonyi tẹ́ ẹ wá ń lé onísòkòtò, ẹ ṣàlàyé ara yín.

Àwọn kan á ní, "ṣùgbọ́n Ìjọ ti tún un ṣe." Òótọ́ ni. Ẹ sì jẹ́ ká sọ bó ṣe rí. Ìyá ẹ̀ ló ṣe é. Isabelle Romée, ìyá àgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú, ló lọ sí Notre-Dame ní Paris lọ́dún 1455, tó kúnlẹ̀ níwájú àwọn aṣojú Póòpù, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ ọmọ òun gbọ́. Lọ́jọ́ 7 oṣù Keje 1456, wọ́n fagi lé ìdájọ́ Rouen. Charles náà fẹ́ ẹ nígbà yẹn, torí kò dáa kí wọ́n máa sọ pé àjẹ́ ló dé ọba ládé. Ó wá di ọdún 1920 kí Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún tó kéde ẹ̀ ní ẹni mímọ́. Àwọn fadá Faransé tó wá sí Èkó láàárín ọdún 1860 sí 1870, nígbà tí wọ́n dé, Joan kì í ṣe ẹni mímọ́ rárá. 489 ọdún láti orí iná dé orí pẹpẹ. Ẹ tún fẹ́ kí ọmọ akọrin wa dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Èmi ò ní kí ẹ má nífẹ̀ẹ́ Joan o. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé òun nìkan la mọ̀.

Ẹ ti gbọ́ nípa Kimpa Vita rí? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò gbọ́. Ọmọ ilẹ̀ Kóńgò ni, níbi tó di Àǹgólà lónìí. Orúkọ ìrìbọmi ẹ̀ ni Beatriz. Àgùdà ni òun náà, torí àwọn ọba Kóńgò ti ṣèrìbọmi láti ọdún 1491. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1684, sínú ogun abẹ́lé, níbi tí ọmọ ọba ti ń bá ọmọ ọba jà, tí wọ́n ń ta ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́rú fún ọkọ̀ òkun. Olú ìlú, Mbanza Kongo, ti di ahoro.

Ní 1704, ó ṣàìsàn, ó ní Antonio Mímọ́ ti wọ inú òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé kí ogun parí, kí ọba kan ṣoṣo padà jókòó ní Mbanza Kongo. Ó ní Mbanza Kongo ni wọ́n bí Jésù sí, pé ọmọ Kóńgò ni Màríà. Ó kó àwọn èèyàn lẹ́yìn, wọ́n padà sínú ahoro yẹn, wọ́n ń tún un gbé. Kò gbé idà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tẹ̀ lé e. Àwọn fadá Kapuchin láti Ítálì ní aládàámọ̀ ni, ọba Pedro Kẹrin fọwọ́ sí i, wọ́n sun ún níná lọ́jọ́ 2 oṣù Keje 1706. Ọmọ bí ọdún 22. Ó ti bímọ, ọmọ náà ṣì kéré gan-an. Wọ́n dá ẹ̀mí ọmọ náà sí.

Ọmọbìnrin Àgùdà méjì. Méjèèjì gbọ́ ohùn ẹni mímọ́, méjèèjì ní kí ọba kan jókòó kí ogun tán, ọwọ́ àlùfáà sì wà nínú ikú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní àjọ̀dún, ní ère wúrà ní Paris, ní fídíò lórí fóònù yín. Ìkejì ò ní nǹkan kan nínú kàlẹ́ńdà Ìjọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìjọ, ó ṣe bíi pé Antonio ló ń tẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dáa, mo gbọ́. Ìwọ̀nba ohun tí mò ń béèrè ni pé ká ka ẹjọ́ ẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tí wọ́n fi ka ti Joan ní 1456. Kò rí Isabelle tó máa lọ kúnlẹ̀ fún un.

Àwọn tó máa dáhùn pé "a ní Mọremí, òun ni Joan of Arc tiwa", ẹ fọwọ́ wọ́nú. Mọremí ò nílò orúkọ ẹlòmíì kó tó jẹ́ akọni. Ẹ tún wo ìtàn yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó fi kọ́ wa ní ìwà ọmọlúàbí. Ìyàwó ilé ni. Ìtàn sọ pé ó jẹ́ kí ọ̀tá mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó wádìí àṣírí wọn lórí ibùsùn, ó sá padà wá sí Ifẹ̀ wá tú u fún ọkọ ẹ̀ àtijọ́. Ó wá fi Olúorogbo, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún odò Ẹ̀sinmìrìn. Wọ́n kọ́ ère ẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 2016, ẹsẹ̀ bàtà 42 ni gíga ẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ kan bá gbé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn adigunjalè, tó padà wá tú àṣírí wọn kí àdúgbò lè sùn, mo mọ orúkọ tẹ́ ẹ máa pè é. Ẹ mọ̀ ọ́n náà.

Ẹ má sì pe ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní "obìnrin bí ọkùnrin". Charles ni ọkùnrin. Kò rà á padà.

Ohun kan ló kù. Ẹ padà wo àwòrán tó wà lójú fídíò yẹn. Irun gígùn tó bò ó léjìká, síkẹ́ẹ̀tì tó balẹ̀ lórí ìhámọ́ra irin. Joan gé irun ẹ̀ kúrú bíi ti ọkùnrin, kò sì wọ síkẹ́ẹ̀tì lọ sógun. Ọdún 1429 gan-an ni àṣà yẹn ti bẹ̀rẹ̀: akọ̀wé kan ní Paris, Clément de Fauquembergue, ya Joan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìròyìn Orléans. Kò rí Joan rí. Ó ya ẹ̀wù obìnrin fún un, ó ya irun gígùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá ọmọ olọ́mọ wọ aṣọ.

Bọ̀ọ̀da onífídíò, mo ti fi orúkọ yín sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kẹ́ ẹ lè rí i. Ẹ ṣì ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó di ọjọ́ 30. Ẹ bá wa yọ síkẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò lára ẹ̀.